Ìyá ìyàwó mi ní ìran Stephen Hopkins ti ọkọ̀ Mayflower ni àwọn. Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí?

Bàbá Àánú, Worcester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òyìnbó ni ìyàwó mi, Cape Cod ní Massachusetts níbí ni wọ́n bí i sí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ màmá rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ìran Stephen Hopkins ni àwọn, ọ̀kan nínú àwọn 102 tó bá ọkọ̀ Mayflower ti England dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1620. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, iléèwé ti ní kí ọmọ mi obìnrin kọ nípa ìran bàbá àti ìran ìyá rẹ̀. Tèmi kò gba wàhálà. Bàbá mi ki oríkì fún un lórí WhatsApp, wọ́n to baba ńlá lé baba ńlá títí, ọmọ sì ti kọ tirẹ̀ tán. Ti ìyá rẹ̀ ló wá di iṣẹ́.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni Bíbélì ńlá kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, àti ìwé kan tí ẹbí wọn kan sanwó fún kí wọ́n bá àwọn kọ láyé ọjọ́un. Àwòrán asà àti kìnnìún wà níwájú ìwé náà. Ó ní ará Wotton-under-Edge ní Gloucestershire ni Stephen, pé Constance Dudley ló kọ́kọ́ fẹ́. Mo wá wo íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ní Gloucestershire, àwọn kan ní Hampshire. Èwo ni ká mú? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní owó tí mo fẹ́ fi ṣòfò o.

Ìyá Láíbìrì

Bàbá Àánú, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Láíbìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń wá ìran wọn ló sì ń gbà mí lákòókò jù. Ẹ gbé Stephen Hopkins sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀dọ̀ màmá gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìbí wọn á dárúkọ bàbá àti ìyá wọn. Kí ẹ wá ìwé ìgbéyàwó àwọn yẹn, kí ẹ wá ìwé ikú wọn, torí ní Massachusetts, ìwé ikú sábà máa ń dárúkọ òbí ẹni tó kú. Ẹ máa gòkè lọ bẹ́ẹ̀, ìran kan lẹ́yìn ìran kan, kí ìwé tó so ọmọ mọ́ òbí ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tún gbẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti 1620 bẹ̀rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ á kàn ṣìnà ni. Constance ọmọ Stephen nìkan, ọmọ 12 ni William Bradford, gómìnà Plymouth tí àwọn ará Mayflower tẹ̀ dó, kọ pé ó bí, gbogbo wọn ló sì wà láàyè nígbà tó ń kọ ọ́. Ẹ tẹ̀ lé gbogbo wọn wálẹ̀, ìdajì Cape Cod lẹ máa bá pàdé.

Massachusetts dáa fún irú iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ. Láti ayé àwọn amúnisìn ni akọ̀wé ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Ọdún 1841 ni ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á jọ. Àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú títí dé 1850 ni wọ́n ti tẹ̀ sí ìwé, ẹ máa rí i lórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́. Sáìtì FamilySearch kò gba kọ́bọ̀. Ancestry ń gbowó, àmọ́ ọ̀pọ̀ láíbìrì ló ti san án, ẹ kàn lọ jókòó síbẹ̀ ni.

Kì í ṣe 1620 ló máa ń há àwọn èèyàn. Ẹgbẹ́ àwọn ìran Mayflower, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1897, ti tẹ ìwé nípa ìran márùn-ún àkọ́kọ́ jáde, ti Hopkins sì wà níbẹ̀. Ìyẹn á gbé yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé ayé lásìkò ogun òmìnira Amẹ́ríkà tàbí ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Àárín ibẹ̀ sí 1850 ni iṣẹ́ wà. Lọ́dún 1790 ni ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ilé nìkan ni wọ́n ń dárúkọ títí dé 1840. Ìyàwó àti ọmọ, iye lásán ni wọ́n. Ní 1850 ni wọ́n tó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú tó ń gbé inú ilé. Àárín ọdún wọ̀nyẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ará Cape Cod ń kó lọ sí Maine àti New York, tí bàbá kú síbì kan tí ọmọ sì gbéyàwó síbòmíì.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni ìwé owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó jagun òmìnira. Opó tó bá fẹ́ gba owó ọkọ rẹ̀ ní láti fi hàn pé òun fẹ́ ẹ lóòótọ́. Àwọn kan ya ojú ewé kúrò nínú Bíbélì ilé wọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba, ojú ewé náà sì wà nínú fáìlì dòní olónìí. Tí ẹ bá kan ọmọ ogun kan lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Jagunlabí, Maryland

Ìwé tí ẹbí "sanwó fún" yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn olówó Amẹ́ríkà ń wá baba ńlá tó lórúkọ lójú méjèèjì, àwọn kan sì ń tà á fún wọn. Ọ̀gá wọn ni Gustave Anjou, tó kú lọ́dún 1942. Bó ṣe ń ṣe é rèé: á kó ìwé tòótọ́ jọ rẹpẹtẹ, wíìlì tòótọ́, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tòótọ́, tí ẹni tó bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò máa bá níbẹ̀. Níbi tí ìran ti já gan-an ló máa fi ìwé tí ẹnì kan ò rí rí há a. Ọkàn oníbàárà ti balẹ̀ nígbà yẹn, kò ní yẹ èyí wò. Títí di òní, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà káàkiri lórí ayélujára, ẹni tó ń dà á kọ kò tilẹ̀ mọ ẹni tó pa irọ́ náà.

Mi ò ní òun ló kọ tiyín o. Mo kàn ní kí ẹ fi ọwọ́ kan gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ bi í pé, níbo lo ti wá? Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ fi sílẹ̀. Ti asà àti kìnnìún yẹn, èèyàn kan ni wọ́n ń fún, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí asà tó jẹ́ ti gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Hopkins. Ẹni tó ń tà á lára ago tíì ní ilé ìtajà ló mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Southampton

Ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ̀gbẹ́ Winchester ni Hursley wà, abúlé tí Stephen ti bímọ, kò jìnnà sí mi rárá.

Ti Gloucestershire yẹn, ẹ pa á rẹ́. Ìdílé Hopkins kan wà ní Wotton-under-Edge, orúkọ jọ orúkọ, wọ́n bá so wọ́n pọ̀, àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì ń dà á kọ. Lọ́dún 1998 ni Caleb Johnson, tó ń ṣèwádìí nípa àwọn ará Mayflower, gbé ohun tó wà nínú ìwé ìsàmì Hursley jáde. Stephen Hopkins kan sàmì fún ọmọ mẹ́ta níbẹ̀: Elizabeth ní oṣù Karùn-ún 1604, Constance ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1606, Giles ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1607/8. Mary lorúkọ ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní oṣù Karùn-ún 1613. Ní oṣù Kejì 1617/8, Stephen Hopkins fẹ́ Elizabeth Fisher ní Whitechapel ní London. Ẹ wá wo ọkọ̀ Mayflower. Stephen, Elizabeth ìyàwó rẹ̀, Constance àti Giles tí Bradford kọ pé ìyàwó àkọ́kọ́ ló bí wọn, Damaris, àti Oceanus tí wọ́n bí sórí omi.

Stephen Hopkins pọ̀ nílẹ̀ England nígbà yẹn. Èyí tó bí Constance, tó tún bí Giles, tí ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà bá a mu, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú kó tó fẹ́ òmíràn, mélòó ni wọ́n fẹ́ jẹ́? Báyìí ni wọ́n ṣe ń dá ẹni tó sọdá òkun mọ̀ ní ìlú tó ti wá. Orúkọ kan kò tó ẹ̀rí, odindi ilé la ń bá wé odindi ilé. Bẹ́ẹ̀ Constance Dudley kò sí nínú gbogbo rẹ̀.

Ti òbí Stephen fúnra rẹ̀, ìsàmì kan wà ní Upper Clatford, Hampshire kan náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1581. John Hopkins àti Elizabeth Williams ni wọ́n ní ó bí i. Èyí kò lágbára tó ti Hursley, "ó jọ bẹ́ẹ̀" ni àwọn tó gbé e jáde sọ. Kí ọmọ yín náà kọ "ó jọ bẹ́ẹ̀" síbẹ̀, tíṣà rẹ̀ á mọ̀ pé ó kàwé.

Ẹ má retí kó lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1538 ni Thomas Cromwell, ìjòyè ọba England, pàṣẹ pé kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ sì ti sọnù. Ìwé Hursley wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ti Hampshire ní Winchester. Ṣùgbọ́n kíka ìkọ̀wé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ni! Lẹ́tà e wọn kọ ẹ̀yìn síwájú, h wọn ń wọ́ ìrù lọ sábẹ́ ìlà. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí sáìtì wọn tí wọ́n fi ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kà á. Ẹ fún ọmọ yẹn, ojú àwọn ọmọdé yá ju tiwa lọ.

Bàbá Àánú, Worcester

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ náà ti ń ka gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní kí n béèrè pé ọdún wo gan-an ni 1607/8 yẹn. Ṣé wọn ò mọ ọdún tí wọ́n sàmì fún Giles ni?

Ìyá Láíbìrì

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ọmọ wa. Títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin ní England àti ní àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Oṣù Kìíní tí a pè ní 1608 lónìí, àwọn ṣì ń pè é ní 1607. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ méjèèjì.

Má fojú kéré rẹ̀ o. Tí o bá rí tọkọtaya tó ṣègbéyàwó ní oṣù Karùn-ún 1690, tí wọ́n bímọ ní oṣù Kejì 1690, o lè máa rò pé ọmọ ti dé kí ìyàwó tó wọlé. Rárá, oṣù mẹ́sàn-án pé géré. Àwọn ará New England tún máa ń fi nọ́ńbà pe oṣù, oṣù Kẹta wa ni "oṣù kìíní" tiwọn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síwájú rẹ, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an ni kí o ṣe kọ ọ́, lẹ́yìn náà kí o tó túmọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bàbá Àánú, mo fẹ́ kí ẹ ka wíìlì Stephen pẹ̀lú ọmọ yẹn. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1644 ni ó ṣe é, Myles Standish àti William Bradford ló jẹ́rìí sí i. Màlúù ló kún inú rẹ̀. Akọ màlúù ńlá tó wà lọ́wọ́ ìyáàfin Warren, Giles ló fún, owó tí wọ́n fi yá akọ màlúù náà lò sì jẹ́ ti Stephen ọmọ Giles. Abo ẹṣin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Constance. Deborah gba màlúù dúdú tí ìwo rẹ̀ fẹ̀, òun àti Damaris sì jọ ni màlúù kan tí wọ́n ń pè ní Motley, ìdajì-ìdajì. Ruth gba èyí tó ń jẹ́ Red Cole. Elizabeth ọmọ rẹ̀ obìnrin gba màlúù tirẹ̀ àti ọmọ màlúù náà, pẹ̀lú abo kékeré ọlọ́dún kan tí kò nírù, tó wà lọ́dọ̀ Giles ní Yarmouth.

Ẹ rí i bí? Bàbá arúgbó ń pín màlúù, ó sì ń to ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ fún wa láìmọ̀. Ó pe Constance ní ìyàwó Nicholas Snow, ìyẹn so ìran Snow ti Eastham ní Cape Cod mọ́ ọn láìsí àríyànjiyàn. A mọ̀ pé Giles ti kúrò ní Plymouth, ó ní màlúù ní Yarmouth. Wíìlì ju ìwé ìbí lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ìran kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dé, ẹ wá wíìlì, ẹ má sì dúró síbi ti bàbá nìkan. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá tí kò bímọ ló máa ń dáa jù, gbogbo ọmọ àbúrò ló máa dárúkọ.

Ará Hyannis

Kẹ́ ẹ mọ̀ pé iná jó ilé tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ sí ní Barnstable lọ́dún 1827 o, ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé ilẹ̀ Cape Cod ló lọ. Ìwé ogún kò bá a lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi odindi ọ̀sẹ̀ wá ìwé ilẹ̀ tí kò sí.

Tí ẹ bá sì rí "Junior" lẹ́yìn orúkọ ní Eastham, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọmọ "Senior". Bí a ṣe ń sọ Làmídì ńlá àti Làmídì kékeré ládùúgbò ni. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí Senior bá kú, Junior á di Senior, ìgbà náà ni orí á tún dàrú.

Àjàgbé, Richmond

Ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Aláwọ̀ dúdú ni ìyàwó tèmi, ará Virginia. Ẹbí wọn ní ìran Anthony Johnson ni àwọn, ọmọ Áfíríkà tó ní ilẹ̀ ní Virginia kí gbogbo nǹkan tó bàjẹ́ tán. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Jagunlabí, Maryland

Ọ̀nà kan náà, òkè rẹ̀ ló ga. Anthony wà nínú ìwé dáadáa: Antonio ni wọ́n kọ ọ́ nígbà tó dé lọ́dún 1621, ó fẹ́ Mary, wọ́n fún un ní éékà 250 ní Northampton lọ́dún 1651, wọ́n kó wá sí Maryland níbí lẹ́yìn náà, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì sọ orúkọ ilẹ̀ tirẹ̀ ní Angola lọ́dún 1677. Àkọsílẹ̀ kóòtù Northampton ti wà láti 1632, kò já rí. Ṣùgbọ́n ìran náà pòórá nínú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó bá ní òun ti so ó pọ̀ tán, ẹ ní kó mú ìwé wá.

Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ti wá. 1870 ni ìkànìyàn àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó jáde kúrò lóko ẹrú. Nínú ìwé ẹrú 1850 àti 1860, orúkọ olówó ẹrú ni ẹ máa rí, ti ẹrú fúnra rẹ̀ kò sí àfi ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni, àti àwọ̀. Àmọ́ tí ìdílé ìyàwó yín bá ti jẹ́ òmìnira kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó dé, orúkọ wọn lè wà nínú ìkànìyàn 1850 bíi ti òyìnbó. Ẹ wo ìyẹn kíákíá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan wá sọ Anthony di ọmọ Yorùbá fún yín, apá Angola ló ti wá. Púpọ̀ àwọn èèyàn tiwa, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó wọn lọ.

Onísáyẹ́ńsì Abẹ́òkúta

Kẹ́nì kan tó sọ pé kí ẹ ra àyẹ̀wò DNA: kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí. Ní ìran mẹ́wàá sókè, ààyè 1,024 ni baba ńlá àti ìyá ńlá yín wà, púpọ̀ nínú wọn kò sì fi ohun tí a lè rí sára yín mọ́. DNA tí wọ́n ń pè ní Y ń tẹ̀ lé ọmọkùnrin sí ọmọkùnrin, ọ̀dọ̀ Giles nìkan ló lè gbà. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Constance ni màmá ti wá, owó yẹn ti ṣòfò. Irú DNA kan wà tí ìyá nìkan ń fún ọmọ, àmọ́ àfi tó bá jẹ́ obìnrin sí obìnrin ni láti Constance dé ọ̀dọ̀ màmá ló tó lè wúlò, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀.

Bàbá Àánú, Worcester

Màmá ti fi fọ́tò Bíbélì náà ránṣẹ́. Ojú ìwé àkọ́kọ́ inú rẹ̀ fi hàn pé 1846 ni wọ́n tẹ Bíbélì náà. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Snow kan tí wọ́n bí ní Orleans lọ́dún 1802. Ó jọ pé ọwọ́ kan náà àti tàdáwà kan náà ni wọ́n fi kọ àwọn tó ṣáájú. Ẹ tún dákun, ṣé èmi náà lè wọ ẹgbẹ́ Mayflower yẹn?

Ìyá Láíbìrì

Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀yin kọ́, àna lẹ jẹ́. Àwọn ọmọ yín ló lè wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka wọn ní Massachusetts kí wọ́n bá yín wò ó bóyá wọ́n ti gba ìbátan màmá kan wọlé rí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìbátan yẹn nìkan lẹ máa so ara yín mọ́, wọ́n ti jẹ́rìí sí ìyókù.

Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní 1846 kò lè jẹ́rìí ojú sí ìbí 1802. Ẹnì kan rántí ni, tàbí ó dà á kọ. Ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń júwe ọ̀nà. Láti orúkọ tí tàdáwà ti yí padà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́ dáadáa. Kí ẹ ya fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn mọ́ ọn o, láìsí i kò sẹ́ni tó máa gbà á.

Ohun tó kù lónìí ni kí ẹ wá ẹni 1802 yẹn nínú àkọsílẹ̀ ìlú Orleans. Tí ẹ bá ti rí òbí rẹ̀, ẹ fi Orleans sílẹ̀. Lọ́dún 1797 ni wọ́n tó gé e kúrò lára Eastham, ìwé Eastham ni ìbí àwọn òbí wà. Ẹ kọ orúkọ ìyá náà síbí tí ẹ bá rí i. Àwọn ará ibẹ̀ ń fẹ́ ìbátan ara wọn gan-an nígbà yẹn, tó bá lọ jẹ́ pé ọmọ ìran Giles ló fẹ́ ọmọ ìran Constance, ọ̀nà méjì lẹ máa gbà dé ọ̀dọ̀ Stephen.